Ìgbáròkó Tuntun: Ká Ṣọ́ra Ni, àbí Ká Máa Lò Ó?

Nígbà tí John Charnley ń fi irin àti ike rọ́pò oríkèé ìgbáròkó tó ti bàjẹ́ nílé ìwòsàn Wrightington, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ọdún 1962, ọjọ́ gbọọrọ ni aláìsàn fi ń wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìyẹn ti di ìtàn. Lónìí, ọjọ́ náà gan-an tàbí ọjọ́ kejì ni físíò yóò ti gbé wọ́kà síwájú onítọ̀hún pé ó yá, ẹ dìde. Ìrìn kò fa àríyànjiyàn mọ́. Òfin "ẹ má ṣe" tí wọ́n ń kà síni létí kéèyàn tó lọ sílé ló ń fà á: ẹ má tẹ̀ débi tí orúnkún yóò ga ju ìdí lọ, ẹ má fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ẹ má yí ẹsẹ̀ sínú. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 ni wọ́n sábà máa ń dá.

Òfin náà nídìí. Bí dókítà bá gba ẹ̀yìn wọlé, ó ní àwọn iṣan tí yóò gé kó tó débi eegun. Kí wọ́n tó jinná, àtẹ̀jù lè mú kí orí eegun tuntun yọ nínú ihò rẹ̀. Ìrora rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, ilé ìwòsàn ni wọ́n sì ti ń dá a padà. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló léwu jù.

Àwọn tó ní kí wọ́n dẹ okùn náà kò sọ̀rọ̀ lásán. Ìwádìí mélòó kan fi hàn pé ẹni tí wọn ò ká lọ́wọ́ kò kì í bọ́ ní oríkèé ju ẹni tí wọ́n ká lọ́wọ́ kò lọ, ó sì máa ń tètè padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Orí eegun tí wọ́n ń lò báyìí tóbi ju ti àtijọ́, àwọn dókítà kan sì ń gba iwájú wọlé. Ìbẹ̀rù tún ni àìsàn kejì: ẹni tí wọ́n ti sọ fún léraléra pé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yọ, yóò sùn gbalaja bí igi àjà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Iṣan ń joro, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú ẹsẹ̀ tí kò rìn.

Ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni ọkàn mi fà sí, àmọ́ kì í ṣe tán pátápátá. Ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣe bó ṣe wù ú ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí àpótí ìdínkàrà níwájú rẹ̀. Kò ní lóṣòó sí ṣálángá, kò sì ní gun ọ̀kadà re ọjà. Ìjókòó tiwa ló lọ sílẹ̀. Nítorí náà, àpótí àti ìlóṣòó ni mo ní kí wọ́n fòfin dè títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda. Èyí tó kù, kí wọ́n bi dókítà léèrè ibi tó gbà wọlé.

Ìkúnlẹ̀ ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ìyá ló rò pé ó ti tán nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó kúnlẹ̀ tó nàró kò tẹ ìgbáròkó rẹ̀ rárá. Lílọ sílẹ̀ àti dídìde ló níṣòro. Tí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, kó di àga mú, kí orúnkún ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kanlẹ̀, kó sì fi ẹsẹ̀ tó le tì dìde. Ìforíkanlẹ̀ lórí ìrun ló ń ká ìgbáròkó gan-an, ẹ̀sìn sì ti gba aláìsàn láyè láti kírun lórí àga.

Ti àwọn ọmọ nílé wá ṣòro láti dá lẹ́jọ́. "Màmá, ẹ jókòó, a ó bá yín ṣe é." Nígbà tí iná bá lọ, tí pákó tó gba orí gọ́tà kọjá sì ń mì, ta ni yóò bá wọn wí? Àmọ́ ẹni tí wọ́n ń bu omi fún lóṣù kẹrin kò ní mọ̀ pé òun lè bù ú. Ẹ jẹ́ kí Màmá mú ọ̀pá sọ́wọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tó le ṣíwájú lórí àtẹ̀gùn bí wọ́n bá ń gòkè, kí ti iṣẹ́ abẹ ṣíwájú bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí ẹnì kan sì dúró nítòsí láìfọwọ́ kàn wọ́n.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS ni ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dí ọ̀nà ló ń pa orí eegun itan wọn, àwọn mìíràn kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi nílò iṣẹ́ abẹ yìí. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 2019 fi hàn pé nǹkan bí 58 nínú 100 ìgbáròkó tuntun ló ń lo ọdún 25, àgbàlagbà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Ọ̀dọ́ yóò tètè lò ó gbó. Ṣé kó wá rọra gbé e bí ẹyin ni? Bọ́ọ̀lù àti ìfòsókè ni kó gbàgbé. Ijó ìgbéyàwó rẹ̀, kó jó o.