Ìlera Kì í Ṣe Aṣọ Ẹgbẹ́jọdá

Nígbà tí oṣù Keje bá ń parí lọ, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ti ṣe ìdánwò àṣekágbá ọdún, ìlú Olúpọ̀nnà nítòsí Ìwó a máa yí padà. Aṣọ ilé-ìwé a wọ inú àpótí lọ. Ọkọ́ àti àdá a jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Iṣu tuntun a ti máa dé ọjà, òjò a máa rọ̀, a sì máa dá. Ìsinmi gígùn dé nìyẹn, títí di oṣù Kẹsàn-án.

Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa ṣe ìpinnu nípa ara wọn. Ọ̀kan a ní òun yóò tọ́jú ara òun. Èkejì a ní òun yóò sinmi dáadáa. Ẹ̀kẹta a ní àìsàn kò ní í ṣe òun mọ́. Ìpinnu rere ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń gbẹ lọ bí ìrì òwúrọ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tí ó gbé agbọ̀n lọ sí ọjà láìmọ ohun tí òun fẹ́ rà, agbọ̀n òfìfo ni yóò gbé padà wálé.

Ìlera kò pin sí àìṣàìsàn nìkan. Nínú ìwé òfin tí a fi dá Àjọ Ìlera Àgbáyé sílẹ̀, èyí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1948, a ṣàlàyé pé ara, ọkàn, àti àjọṣe ẹni pẹ̀lú ọmọnìkejì ni ó gbọ́dọ̀ dára pọ̀. Àwọn Yorùbá náà mọ èyí. Nítorí rẹ̀ ni ìkíni wọn kì í fi í mọ sórí ara nìkan: wọn a béèrè ilé, wọn a béèrè ọmọ, wọn a sì béèrè iṣẹ́.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìpinnu ìlera kò lè jẹ́ aṣọ ẹgbẹ́jọdá tí gbogbo ènìyàn yóò rà ní àwọ̀ kan náà. Ohun tí ó dín nínú ọjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kí ẹni náà wá. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn ọmọ ọdún 5 sí 17 níyànjú pé kí wọ́n máa lo ara wọn dáadáa fún ìṣẹ́jú 60, ó kéré tán, ní ojúmọ́ kan. Ọmọkùnrin tí ó bá bàbá rẹ̀ kọ ebè ní oko ti san gbèsè yìí kí oòrùn tó kan àtàrí; ohun tí ó dín fún un ni ìsinmi àti ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, tí ó jókòó ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ di alẹ́, òun ni ìrìn ẹsẹ̀ àti eré ìdárayá yẹ. Ẹni tí ó sì ń wo fóònù títí àkùkọ fi kọ, oorun ni kí ó wá: àwọn onímọ̀ nípa oorun ní Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 2016 pé wákàtí 8 sí 10 ni ó yẹ kí ọmọ ọdún 13 sí 18 máa sùn. Ọmọ tí wọ́n rán lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó lọ́dọ̀ ìbátan, ara rẹ̀ lè le koko kí àárò ilé sì máa sọ ọ́. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìgbọ́ ohùn ará ilé.

Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti mọ ohun tí ó dín, ó kù kí ó sọ ọ́ di ohun tí ó ṣeé kà. “N ó máa sùn dáadáa” kò ní òǹkà; “N ó gbé fóònù fún ìyá mi ní aago 9 alẹ́” ní òǹkà. “Ibà kò ní í ṣe mí” kò sí ní ìkáwọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n “N ó máa sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn lálaalẹ́” wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, nítorí pé òru ni ẹ̀fọn tí ń kó ibà ranni sábà máa ń jẹni. Ìpinnu 2 tàbí 3 tó. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àwọn àgbà kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ ni èyí. Wọn a ní ìgbà ìsinmi ni ọmọ fi ń ran òbí lọ́wọ́, àti pé owó ìwé oṣù Kẹsàn-án kò ní í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ìyá tí ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Odò-Orí ní Ìwó láti fi ra ìwé ọmọ kò lè fi ọmọ náà sílẹ̀ kí ó máa ṣeré láti àárọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí iṣẹ́ àṣejù bá dá gúnlẹ̀ kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Owó tí ó bá òbí rẹ̀ wá ni wọn yóò fi ra oògùn. Nítorí náà, wákàtí 1 tí òbí bá yọ̀ǹda lóòjọ́ kì í ṣe àdánù. Ọmọ kò sì gbọdọ̀ fi agbára gba wákàtí yìí, ńṣe ni kí ó tọrọ rẹ̀ pé, “Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ti parí iṣẹ́ òní, ẹ jẹ́ kí n sinmi láti aago 5 sí 6.” Òbí tí ó bá rí iṣẹ́ tí ó parí, tí ó sì kọ ẹ̀bẹ̀ yìí, kò ṣe ara rẹ̀ lóore.

Yóò sì ṣẹlẹ̀ pé ní ọjọ́ mìíràn, òjò tàbí àlejò yóò ba ètò jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ a torí ọjọ́ kan ṣoṣo ju gbogbo ìpinnu nù. Àgbẹ̀ tí òkété bá jẹ iṣu ebè kan kì í torí ìyẹn kọ oko rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí agogo ilé-ìwé bá tún dún ní oṣù Kẹsàn-án, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ àṣetiléwá nìkan ni olùkọ́ yóò béèrè. Ṣùgbọ́n ara ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò jíhìn fúnra rẹ̀: ẹni tí ó sùn tó kò ní í tòògbé lórí ìwé, ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ yóò gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Oògùn náà kì í sì í ṣe èyí tí a ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, ni a ń lò ó.