Ìwé Ìgbanisíṣẹ́: Ẹ̀tọ́ Ni, Kì í Ṣe Oore

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ní ọjọ́ kan ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi. Oṣù mẹ́jọ ni ó ti fi ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkẹ́rùsí oníṣòwò kan. Nígbà tí páálí ọjà méjì dàwátì, wọ́n gé ìdajì owó oṣù rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ní kí ó má wá mọ́. Mo bi í léèrè ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ààfáà, wọn kò fún mi ní ìwé kankan. Wọ́n kàn ní kí n bẹ̀rẹ̀ ni."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, báyìí ni ọ̀rọ̀ rí fún púpọ̀ nínú yín. Ayọ̀ pé ẹ ríṣẹ́ kì í jẹ́ kí ẹ lè la ẹnu bèèrè ohunkóhun, ẹ̀rù sì ń bà yín pé ẹlòmíràn ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà tí yóò gba iṣẹ́ náà láìbèèrè.

Ṣùgbọ́n ìpín keje nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ó wà nínú àkójọ òfin ọdún 2004, pa á láṣẹ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé tí òṣìṣẹ́ ti wọṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí ó sọ irú iṣẹ́ náà, iye owó rẹ̀ àti ìgbà tí a ó máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, àti iye ọjọ́ tí a ó fi kìlọ̀ kí iṣẹ́ tó dópin. Ọ̀gá ni òfin di ẹrù yìí rù.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀ràn ọmọ yìí yẹ̀ wò. Ẹni tí ó ti lo oṣù mẹ́ta, tí kò tíì pé ọdún méjì, ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ní kíkọ sílẹ̀, àfi bí ìwà rẹ̀ bá burú dé ibi tí a lè lé e lójú ẹsẹ̀. Ní ti owó tí a gé, ọ̀gá kò láṣẹ láti gé owó nítorí ọjà tí ó sọnù, àyàfi bí òṣìṣẹ́ náà bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí tí ó ṣe àìbìkítà, tí aláṣẹ ètò iṣẹ́ ti ìjọba sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní kíkọ. Gbogbo ohun tí a bá sì gé lóṣù kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà. Ìdajì ni wọ́n gé lọ́wọ́ tirẹ̀!

A kò ní fi òótọ́ pamọ́ fún yín. Òṣìṣẹ́ alágbára àti akọ̀wé ni òfin yìí ń dáàbò bò. Kò ka àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ alábòójútó tàbí iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ mọ́ wọn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ jáde ní yunifásítì, ohun tí ó bá wà nínú ìwé yín gan-an ni ẹ óò kọ́kọ́ dìmú. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ kà á dé ìparí.

Ẹsẹ tí ó gùn jùlọ nínú Al-Kùránì, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé. Ó dùn mí láti sọ pé ìlà kìíní ni ọ̀gá ọmọ yìí máa ń wà nígbà ìrun Jímọ̀.

A ti jọ kọ lẹ́tà sí i, a fi ọjọ́ tí ọmọ náà wọṣẹ́ àti ẹ̀rí owó tí ó ń wọ báńkì rẹ̀ tì í. Bí èsì kò bá dé kí Jímọ̀ tí ń bọ̀ tó pé, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni yóò lọ sí ọ́fíìsì ètò iṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀.