ÌMỌ̀RÀN FÚN AGBO ILÉ: Kámẹ́rà fún Àwòrán àti Ohùn Àwọn Àgbà Wa

Ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa lónìí jẹ mọ́ owó, ó sì jẹ mọ́ ohun tí owó kò lè rà padà. Nínú ilé púpọ̀ láàrin wa ni àgbàlagbà kan wà tí ó mọ oríkì ìdílé, tí ó mọ ìlú tí àwọn baba ńlá ti ṣí wá, tí ó sì lè dárúkọ àwọn tí a ti sin láti ìran dé ìran. Àwọn ọmọ dá owó jọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ ra kámẹ́rà tí yóò gba àwòrán rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìpinnu rere ni. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Nítòótọ́ sì ni pé ọ̀pọ̀ ilé kì í wá àwòrán ìyá wọn títí di ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tẹ ìwé ìsìnkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wo ni kí wọ́n rà?

Fóònù wà lápò gbogbo ènìyàn. Kámẹ́rà olówó ńlá sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń fi àwòrán yíyà jẹun. Irú kan wà láàrin méjèèjì, tí kò kéré jù, tí kò sì ga jù fún agbo ilé. Ọ̀kan nínú wọn ni a ó gbé yẹ̀ wò, èyíinì ni Canon EOS 70D. Ní ọdún 2013 ni ó jáde, 1,199 dọ́là ni wọ́n sì dá lé e ní Amẹ́ríkà nígbà náà, láìka lẹ́ǹsì mọ́ ọn. Wọn kò ṣe é mọ́, nítorí náà àlòkù tí a ń pè ní tòkunbọ̀ ni ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò rà.

Kí a lè mọ ìdí tí a fi yan èyí, ó yẹ kí a mọ bí irú kámẹ́rà yìí ti ń ṣiṣẹ́. Dígí kan wà nínú rẹ̀ tí ó dúró ní ìdàgẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn lẹ́ǹsì. Dígí yìí ni ó ń darí ìmọ́lẹ̀ sókè sí ihò tí a ń fi ojú wò, ó sì ń jẹ́ kí díẹ̀ nínú rẹ̀ kọjá sí ìsàlẹ̀, níbi tí ẹ̀yà ẹ̀rọ kan ti ń wo bí a ó ti yí lẹ́ǹsì kí àwòrán má baà ṣe bàìbàì. Bí a bá fẹ́ gba fídíò, dígí náà ní láti gbé ara rẹ̀ sókè, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ tààrà sí ibi tí a ti ń gba àwòrán. Nígbà náà ni ihò ìwòran yóò ṣókùnkùn, ẹ̀yà ìsàlẹ̀ náà yóò sì dà bí afọ́jú. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí Nikon mú D90 jáde ní ọdún 2008, tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú irú kámẹ́rà wọ̀nyí tí ó lè gba fídíò, ẹni tí ń lò ó ní láti máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí lẹ́ǹsì bí ẹni tí a ń yà bá sún síwájú tàbí sẹ́yìn.

Ohun tí àwọn Canon ṣe sí 70D ni pé wọ́n pín ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan tí ń gba ìmọ́lẹ̀ sí méjì, apá òsì àti apá ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí ojú wa ti jẹ́ méjì. Ẹ̀rọ náà ń fi ohun tí apá kan rí wé ohun tí apá kejì rí. Láti inú ìyàtọ̀ wọn ni ó ti ń mọ ìhà tí ó yẹ kí lẹ́ǹsì yí sí, àti bí yóò ti yí tó. Nítorí náà, bí ìyá àgbà bá tẹ̀ síwájú láti fi ọwọ́ júwe nǹkan, ojú rẹ̀ yóò ṣì máa hàn kedere. Fún ilé tí kò ní ayàwòrán tí ó kọ́ṣẹ́, èyí nìkan tó ìdí láti yàn án ju àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Àwọn ìwà rere mìíràn kò ṣàìsí. Àwòrán rẹ̀ jẹ́ àpapọ̀ ẹ̀kán kéékèèké mílíọ̀nù 20.2, èyí tí ó tó láti tẹ àwòrán ńlá tí a lè fi kọ́ sára ògiri. Ojú fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe é ṣí sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ṣe é yí, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó jókòó sílẹ̀ níwájú àgbà lè máa wo ohun tí ó ń yà láìgbé kámẹ́rà dí ojú ara rẹ̀. Ihò wà lára rẹ̀ tí a lè ki okùn máíkì bọ̀. Gbogbo lẹ́ǹsì EF tí Canon ti ń ṣe láti ọdún 1987 ni ó sì bá a mu, nítorí náà kò ṣòro láti rí lẹ́ǹsì àlòkù tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ àléébù rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ó bá ń yin ọjà láìsọ àbùkù rẹ̀, ọlọ́jà ni. Èkíní, kò ní ihò tí a lè fi gbọ́ ohun tí máíkì ń gbà nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ọdún 2016 ni Canon tó fi èyí sí 80D tí ó rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lo 70D kò lè mọ̀ pé máíkì ti yọ àfi bí iṣẹ́ bá parí. Èkejì, fídíò kan kò lè kọjá ìṣẹ́jú 29 àti ìṣísẹ̀ àáyá 59. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ yóò dákẹ́, ọwọ́ ènìyàn ni yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ gbé e kalẹ̀ kí ẹ sì lọ sí ilé ìdáná. Ẹ̀kẹta, bí a bá wọ aṣọ òkè tí ìlà rẹ̀ tín-ín-rín, tí ó sì sún mọ́ ara wọn, fídíò lè fi àwọ̀ àti ìgbì hàn lára aṣọ náà tí kò sí níbẹ̀ rárá. Aṣọ tí kò ní ìlà wẹ́wẹ́ ni ó dára jù. Ẹ̀kẹrin, kò lè gba fídíò 4K tí ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ń gbà. 1920 lọ́nà 1080 ni òpin rẹ̀.

Wàyí o, bí ẹ bá ti ní i, báwo ni kí ẹ ti lò ó? Ohùn ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó, nítorí pé àwòrán tí kò mọ́ tó ṣì wúlò, ṣùgbọ́n oríkì tí a kò gbọ́ ti sọnù. Máíkì inú kámẹ́rà ń gba ariwo ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò àti ìró lẹ́ǹsì tí ń yí pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Máíkì kékeré tí a ń fi há àyà aṣọ ni kí ẹ rà. Ẹ kọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì tẹ́tí sí i, kí àgbà tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀.

Nípa ìmọ́lẹ̀, ẹ kíyè sí èyí: ẹ̀yà tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ògiri, ó ń ṣírò bí ẹni pé ohun gbogbo tí ó wà níwájú rẹ̀ kò funfun jù, kò sì dúdú jù. Bí ìyá àgbà bá wọ léèsì funfun, tí ó sì jókòó níwájú ògiri funfun, ẹ̀rọ yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú dúdú tí ó rẹwà yóò sì ṣókùnkùn. Ẹ fi ìwọ̀n kan kún un lójú ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wá. Kí fèrèsé má ṣe wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìṣẹ́jú kan nínú fídíò tí a fún pọ̀ ń gba nǹkan bí 235 MB, nítorí náà káàdì 16 GB kò gba ju nǹkan bí wákàtí kan lọ. Fídíò a sì máa tètè jẹ bátìrì tán, nítorí ojú fèrèsé ẹ̀yìn kì í kú. Bátìrì méjì kò pọ̀ jù níbi tí iná mànàmáná kò ti ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Lọ́jọ́ kan náà ni kí ẹ da gbogbo rẹ̀ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan má sì gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú èkejì. Àkọsílẹ̀ tí ó wà níbì kan ṣoṣo, bí ẹni tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ ni.

Ní ti rírà, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ mú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dání. Ẹ ya ojú ọ̀run tí ó mọ́, kí ẹ sì wo àwòrán náà bóyá àmì dúdú wà níbẹ̀, nítorí ìdọ̀tí inú ẹ̀rọ ni ó ń fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹ ṣí ojú fèrèsé ẹ̀yìn, kí ẹ yí i yíká, bóyá yóò kú. Ẹ ki máíkì bọ ihò rẹ̀. Ẹ gba fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko kí ẹ tó ka owó. Ọlọ́jà tí kò bá fẹ́ kí ẹ ṣe èyí ti sọ ohun tí ó wà nínú ọjà rẹ̀ fún yín.

Ìdájọ́ wa nìyí. Ẹni tí ó fẹ́ fi àwòrán yíyà ṣòwò lónìí, kí ó wo àwọn kámẹ́rà tuntun tí kò ní dígí nínú. Ẹni tí kò fẹ́ ju àwòrán ọjọ́ ìbí ọmọ lọ, kí ó fi fóònù rẹ̀ ṣe é, kí ó má sì yá owó. Ṣùgbọ́n ilé tí ó fẹ́ gba ìtàn àwọn àgbà rẹ̀ sílẹ̀, tí ọmọ kan sì wà níbẹ̀ tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa, 70D tí ó pé, pẹ̀lú máíkì, kò ní já wọn kulẹ̀. Bí owó kò bá sì tíì pé, ẹ má ṣe dúró dè é. Ẹ ra máíkì nìkan, ẹ fi í sára fóònù, kí ẹ sì lọ jókòó ti ìyá àgbà ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí. A lè rí kámẹ́rà rà lọ́dún tí ń bọ̀. A kò lè rí ẹni tí yóò sọ ìtàn náà rà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.