Ìjàpá kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìlàjẹ mọ̀ pé òjò ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Àkúrẹ́. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kó má dá títí di ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ àbàtà ni ilẹ̀ ọ̀hún tẹ́lẹ̀, kò ríbi fa omi sí mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wa mọ́tò Ìjàpá ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, ìyẹn Volkswagen kékeré onígbá lẹ́yìn yẹn.

Mo mọ̀ pé wọn ò pọ̀ mọ́. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ níléeṣẹ́ Volkswagen l'Ékòó, nígbà tó sì di ọdún 2003, orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe èyí tó gbẹ̀yìn láyé. Síbẹ̀, àwọn bàbá kan wà tí wọn ò jẹ́ ta tiwọn láéláé, àwọn ọ̀dọ́ náà sì ti ń wá a rà báyìí torí ẹwà rẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ọ̀rọ̀ kan tó wà lẹ́nu wọn, bàbá àti ọmọ: "Ìjàpá ò bẹ̀rù omi."

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún nídìí o. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n fi dí abẹ́ rẹ̀ pa látòkè délẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá ṣì wà ní tuntun, ó lè léfòó lórí omi fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Wọ́n tiẹ̀ fi ìyẹn polówó rẹ̀ lókè òkun nígbà kan.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará etí omi gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí ewu tó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ là ń pe èyí tó ń rìn lójú títì, ọkọ̀ náà là ń pe èyí tó ń rìn lójú omi, àmọ́ èyí tó wà lójú omi ní àjẹ̀, tàbí kó ní ẹ́ńjìnnì tó ń tì í. Àjẹ̀ wo ni Ìjàpá ní? Bó bá ti léfòó, táyà ò kanlẹ̀ mọ́. Sítíárìn tẹ́ ẹ dì mú ò wúlò, bírèékì ò ní nǹkan tó máa dá dúró, ibi tí omi bá ń lọ ni ẹ̀yin àtọmọ yín ń lọ. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 800 kílò lọ. Omi tó ń ṣàn, tí kò tíì dé orúnkún àgbàlagbà, lè gbé e kúrò lójú títì sínú kòtò. Bẹ́ ẹ bá dé ibi tí omi ti bo títì, tẹ́ ẹ ò rí ilẹ̀, ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè yín ní ojo. Bí nǹkan bá sì ti ṣẹlẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ń gba ìpè lórí 122.

Kò dìgbà tí omi bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ náà. Lójú ọ̀nà Òkìtìpupa sí Igbókòdá, omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ sójú ọ̀dà lásán tó wàhálà. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, torí náà iwájú rẹ̀ fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ iwájú ló ń darí mọ́tò. Àwọn tó ṣe é ní kí afẹ́fẹ́ táyà iwájú kéré sí ti ẹ̀yìn. Bí fọkanáísà bá fẹ́ fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́gbọọgba, ẹ kọ̀ fún un. Táyà tó fúyẹ́, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì kéré báyìí, bẹ́ ẹ bá ti ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 70 ní wákàtí kan, omi lè rá pálá wọ abẹ́ rẹ̀. Bí táyà bá ti jẹ tán, kò ní tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ má kọjá 50 nínú òjò ńlá. Bí sítíárìn bá ṣàdédé fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ dì í mú gbọọrọ, ẹ má tẹ bírèékì. Ní kọ́ọ̀nà, ẹ ti dẹ eré kẹ́ ẹ tó wọ inú rẹ̀, torí ẹni tó bá já iná sílẹ̀ lójijì láàárín kọ́ọ̀nà, ìdí mọ́tò lè yí wá síwájú bá a.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí ló dùn mí jù, torí kì í hàn sójú. Irin abẹ́ mọ́tò tí mo ní wọ́n dí pa yẹn, afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ ẹ́. Iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ yín, ìpẹtà ò sì ní ọ̀rẹ́ tó ju iyọ̀ àti omi lọ. Abẹ́ àga ẹ̀yìn, níbi tí bátìrì wà, ló sábà máa ń kọ́kọ́ lu. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ fi ìka tẹ irin náà. Bó bá rọ̀ tàbí tó ń bó, Ìjàpá tiyín ò tiẹ̀ lè léfòó mọ́, rírì ló máa rì.

Ibi tí omi ń gbà wọlé, èéfín náà lè gbà á. Lórílẹ̀-èdè olótùútù, Ìjàpá máa ń fa afẹ́fẹ́ tó gbóná láti ara páìpù èéfín wá sínú ọkọ̀. Bí àpótí tí afẹ́fẹ́ yẹn ń gbà kọjá bá ti dípẹtà, èéfín á dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ wá wò ó: òjò dé, ẹ wé gbogbo gíláàsì sókè, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn, àwọn kan tiẹ̀ máa ń kó ọmọ kékeré sínú àyè tóóró ẹ̀yìn àga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì gan-an. Ọmọ sùn lọ, ẹ rò pé ọjà ló rẹ̀ ẹ́. Carbon monoxide tó ń pa ìdílé tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn ni ti mọ́tò náà. Kò láwọ̀, kò ní òórùn. Orí fífọ́, òòyì, èébì àti oorun tí kò yẹ ni àmì rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ dúró níbi tí kò léwu, ẹ pa iná ọkọ̀, ẹ gbé gbogbo èèyàn bọ́ sínú afẹ́fẹ́, òjò ì báà máa pa yín, kẹ́ ẹ sì kọrí sí ọsibítù.

Torí náà, ẹ ṣí gíláàsì onígun mẹ́ta ẹ̀gbẹ́ iwájú díẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, nínú òjò. Kò ní jẹ́ kí gíláàsì iwájú ṣú yín lójú pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àtúnṣe o. Ọkọ̀ tí èéfín ń wọ̀, ilé wẹ́dà ló kàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé Ìjàpá sí Igbókòdá, kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ayétòrò, ẹ lè fi tapólì bò ó. Àmọ́ ẹ ká a kúrò pátápátá kẹ́ ẹ tó tan iná, torí ihò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó wà lókè ìdérí ẹ́ńjìnnì ló fi ń mí, kò ní omi rédíétọ̀ tó máa tù ú lára. Kẹ́ ẹ sì tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sẹ́yìn, ẹ gbé àga ẹ̀yìn wò. Bí kò bá sí ìdérí lórí bátìrì, ẹ fi rọ́bà tó nípọn bo orí rẹ̀, torí sípíríǹgì àga tó bá kan irin bátìrì lè tanná ran àga náà.