Níbo ni 100 náírà wọlẹ̀ sí? Ìdí tó fi yẹ kí àwa ọ̀dọ́ máa fi ìṣirò ṣeré

Ẹ gbọ́ ìbéèrè yìí ná. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta lọ jẹ àmàlà ní bùkà. Ìyá olóúnjẹ ní owó wọn jẹ́ 3,000 náírà, oníkálukú sì yọ 1,000 náírà sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe jáde tán ni màmá rántí pé òun ti gbowó lé wọn, 2,500 náírà ló yẹ kí òun gbà. Ó kó 500 náírà fún ọmọ tó ń bá a tajà pé kó sáré dá a padà fún wọn. Ọmọ yẹn rò ó lọ́nà pé, "Báwo ni èèyàn mẹ́ta ṣe máa pín 500 dọ́gba?" Ló bá ki 200 bọ àpò ara ẹ̀, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní 100 náírà.

Ó wá túmọ̀ sí pé 900 náírà ni oníkálukú san. 900 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 2,700. Tá a bá fi 200 tó wà lápò ọmọ yẹn kún un, ó di 2,900. Ṣùgbọ́n 3,000 ni wọ́n kọ́kọ́ san. Níbo ni 100 náírà tó kù wọlẹ̀ sí?

Ẹ ju ìbéèrè yìí sáàárín àwọn ọ̀rẹ́ yín, kẹ́ ẹ wá wo ìran. Ẹnìkan á ní ọmọ yẹn ló tún jí 100 sí i. Ẹlòmíì á yọ fóònù, á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà. Ẹnìkan á sì sún sẹ́yìn, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀ o, èmi ò mọ ìṣirò látilé ìwé." Torí ẹni tó sún sẹ́yìn yìí ni mo ṣe ń kọ ohun tí mò ń kọ lónìí.

Ìdáhùn rèé: kò sí owó kankan tó sọnù. Nínú 2,700 tí wọ́n san, 2,500 wà lọ́wọ́ màmá, 200 wà lápò ọmọ. 200 yẹn ti wà nínú 2,700 tẹ́lẹ̀, kí la tún ń fi lé e lórí fún? Tá a bá fẹ́ rí 3,000, 300 tó padà sọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta yẹn ló yẹ ká fi kún un. Ìṣirò tó wà níbẹ̀ kò le, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á ṣe é. Ohun tó le ni kéèyàn dá ẹni tó ń bi í ní ìbéèrè dúró, kó ní, "Ẹ dúró ná, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ro èyí mọ́ èyí?"

Ohun tó ń wọ́n lọ́wọ́ wa nìyẹn, ó sì ń ná wa lówó gidi.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó yíyá orí fóònù. Ká ní wọ́n sọ fún yín pé àwọn máa yá yín ní 10,000 náírà fún ọ̀sẹ̀ kan, èlé ẹ̀ kò ju 20 nínú 100 lọ. Wọ́n yọ èlé 2,000 sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, 8,000 ló wọ àkáǹtì yín. Lọ́jọ́ keje, ẹ ó san 10,000. Ṣé 20 nínú 100 lẹ san? Rárá o. 2,000 lẹ san lórí 8,000 tẹ́ ẹ fojú rí, ìyẹn jẹ́ 25 nínú 100, fún ọjọ́ méje péré! Ọgbọ́n tí wọ́n fi sọ 100 náírà nù ní bùkà náà ni: wọ́n fi owó kan lé orí owó tí kò yẹ kí wọ́n fi lé.

Òmíràn rèé. Lọ́dún 2016 tí MMM gbòde ní Nàìjíríà, ìlérí tí wọ́n ṣe ni pé owó èèyàn á máa fi 30 nínú 100 lé sí i lóṣooṣù. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n ti owó àwọn èèyàn pa. Mo máa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pa àlọ́ fáwọn ọ̀rẹ́ mi: tí ẹ bá fi 10,000 náírà síbẹ̀, tẹ́ ẹ ò fọwọ́ kàn án, èló ló máa dà lọ́dún kan? Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé 46,000, torí wọ́n ń fi 3,000 lé e lẹ́ẹ̀mejìlá. Ṣùgbọ́n èlé náà ń bímọ. Á tó nǹkan bíi 233,000. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, á lé ní mílíọ̀nù 126. Ẹnu gbogbo wa máa ń là sílẹ̀ níbi tá a bá dé yìí. Ẹnìkan á wá béèrè pé, "Ta ló fẹ́ san án?" Ẹ rí i? Ìbéèrè yẹn gan-an la wá débẹ̀.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó kówó síbẹ̀ ni kò mọ ìṣirò. Nǹkan le nílùú, ẹni tí omi ń gbé lọ kì í yan igi tó máa dì mú. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ti ń fi irú ìbéèrè báyìí ṣeré pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ẹ̀, ara ẹ̀ máa fu lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá gbé e wá lóòótọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìṣirò kì í ṣe tiwa. Ẹ gbé èyí yẹ̀ wò: èèyàn 10 pàdé níbi àríyá, oníkálukú bọ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó kù lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà mélòó ni wọ́n bọwọ́? Ẹni tó bá sọ pé 90 ti ka ìbọwọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni àkọ́kọ́ bọ èèyàn 9 lọ́wọ́, ó ku 8 fún ẹni tó tẹ̀ lé e, ó ku 7 fún ìkẹta, títí tó fi kan 1. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 45. Ẹ wá pe 45 yẹn ní Yorùbá: márùndínláàádọ́ta, ìyẹn 50 tí a yọ 5 kúrò nínú ẹ̀. Àádọ́ta náà, 60 tí a yọ 10 kúrò ni. Ọgọ́ta fúnra ẹ̀, ogún lọ́nà mẹ́ta ni. Kí ìyá arúgbó tí kò rí ilé ìwé rí tó lè pe 45, ó ti sọ ogún di ìlọ́po mẹ́ta, ó yọ 10, ó tún yọ 5. Nígbà tí wọ́n ń ná owó ẹyọ, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, àwọn obìnrin ọjà sì ń ka ọ̀kẹ́ lórí ọ̀kẹ́.

Ẹ lọ wo àwọn tó ń ta ayò nídìí igi. Ilé 12, ọmọ 4 nínú ilé kọ̀ọ̀kan, 48 ni gbogbo ẹ̀. Ọ̀ta ayò á kàn wo ọpọ́n, á ti mọ ibi tí ọmọ ayò tó kẹ́yìn máa bọ́ sí kó tó kó o nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é ní oníṣirò, òun náà ò pe ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá dé táwa tá a lọ ilé ìwé fi ń sá? Lójú tèmi, ẹgba ni. Ọ̀pọ̀ wa ló kọ́ ìṣirò lórí ìdúró, tíṣà á mú pankẹ́rẹ́ dání, ẹni tí kò bá tètè dáhùn á jẹ ẹgba, àwọn tó kù á bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá yára ló gbọ́n. Irọ́ ni. Bí a bá fara balẹ̀ pa eèrà, a ó rí ìfun inú ẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú nípa àwọn ìṣirò tó ń jà ràn-ìn lórí Facebook náà nìyẹn. Wọ́n á kọ 6÷2(1+2), wọ́n á ní ọ̀lẹ ò lè dáhùn. Ìdajì á ní 9 ni, ìdajì á ní 1 ni, èébú á bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọgbọ́n kankan nínú ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ló kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ. Ká ní ó fi àmì ìdè kan kún un ni, ìjà ò ní wáyé.

Bí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ṣe ń ṣe tiwa lálẹ́ Sátidé, pàápàá tí wọ́n bá múná lọ, rèé. Fóònù á wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ àlọ́ náà rí á panu mọ́. Ẹni tó bá dáhùn gbọ́dọ̀ ṣàlàyé títí á fi yé ẹni tó gbẹ̀yìn. Tí kò bá lè ṣàlàyé, kò tíì gbà á. A kì í sì í fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́sẹ̀ kan, ìbéèrè tó délẹ̀ ni pé: èèyàn mélòó ló gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá kó tó ṣeé ṣe ju kó má ṣeé ṣe lọ pé méjì nínú wọn jọ ní ọjọ́ ìbí kan náà? Ẹnìkan ní 183, torí ìdajì ọdún. Ìdáhùn ẹ̀ ni 23! Ìdí ni pé èèyàn 23 lè para pọ̀ ní méjì-méjì lọ́nà 253. Orí ìbọwọ́ tá a sọ lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń yí lé. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń ránṣọ ló kọ́kọ́ rí i, ó gba gbogbo wa tó kàwé sílẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Èló ni wọ́n ń san lórí ẹ̀?" Kò sẹ́ni tó ń sanwó kankan. Ṣùgbọ́n àwa náà la máa ń jókòó fún wákàtí méjì, tá à ń to bọ́ọ̀lù tí a máa ta tẹ́tẹ́ lé lórí, owó sì ń jáde lápò. Eré tèmi ò gba kọ́bọ̀, ó sì lè máà jẹ́ kí wọ́n gba tiyín.

Ẹ gbé èyí dání fún ọ̀sẹ̀ yìí. Ìgbín kan wà nísàlẹ̀ kànga tó jìn ní mítà 10. Lójúmọmọ, á gun mítà 3. Lóru, á yọ̀ padà sísàlẹ̀ ní mítà 2. Ọjọ́ kelòó ló máa jáde? Ẹni tó bá ní ọjọ́ kẹwàá, ẹ rọra bù ú ní omi mu, kẹ́ ẹ ní kó tún un kà.