Kí Ẹ Tó San Owó Yàrá ní Bahia

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń lọ kọ́ capoeira ní Salvador, ní ilẹ̀ Bahia, la fẹ́ sọ, pàápàá ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n máa sùn.

Ó ń dùn wá. Ọ̀dọ́ á fi ọdún méjì tọ́jú owó, á ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, á wá ti ilé san gbogbo owó yàrá sílẹ̀ fún òtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun, nítorí pé àwòrán rẹ̀ dára lórí fóònù. Ọ̀kan nínú wa ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù kejì ọdún ló lọ, àsìkò Carnaval gan-an. Barra ló wọ̀ sí, ojú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ olórin ńláńlá ń gbà kọjá. Kò rí oorun sùn, kò rí ọkọ̀ wọ̀ lọ síbi ẹ̀kọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, owó oúnjẹ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Èrò tiwa ni pé kí èèyàn mọ ibi tó ti máa kẹ́kọ̀ọ́ ná, kó tó wá yàrá. Òkè ìlú ni capoeira fìdí sọlẹ̀ sí. Pelourinho ni Mestre Pastinha ti kọ́ àwọn èèyàn. Ọmọlẹ́yìn rẹ̀, João Pequeno, kọ́ tiẹ̀ nínú ilé ológun àtijọ́ tó wà ní Santo Antônio, èyí tí wọ́n ń pè ní Forte da Capoeira báyìí. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí ibẹ̀, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn. Ẹni tó wà létí òkun á máa san owó ọkọ̀ lójoojúmọ́, alẹ́ sì ni ẹ̀kọ́ sábà máa ń parí, nígbà tí kò yẹ kí àlejò máa dá rìn. Bí òkè ìlú bá wọ́n jù, ẹ wá yàrá lẹ́bàá ojú irin métró. Láti ibùdó Campo da Pólvora, ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi dé Pelourinho.

Ẹ má san ju alẹ́ mẹ́ta lọ láti ilé. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀ sí ilé tí èèyàn mẹ́fà mẹ́jọ ti ń sùn nínú yàrá kan, kí ẹ wá bi àwọn tí ẹ jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ pé ta ló ní yàrá. Kí ilé náà ní ibi ìdáná o! Ẹ̀wà, epo pupa àti gàrí wà ní ọjà São Joaquim, ọmọ Kétu kan ò sì lè sọ pé òun ò mọ oúnjẹ Bahia sè. Abará tí wọ́n ń jẹ, ọ̀lẹ̀lẹ̀ wa náà ni.

Láti oṣù kejìlá títí Carnaval yóò fi parí, owó yàrá máa ń ga: ọdún Bonfim wà ní oṣù kìíní, ti Yemọja sì ni ọjọ́ kejì oṣù kejì. Oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án ló dẹrùn. Oṣù karùn-ún náà rọ̀, àmọ́ òjò á pa yín.

Àwọn kan ní kí ọmọ sùn sílé ọ̀gá lọ́fẹ̀ẹ́, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń ṣe níbí. A ò fara mọ́ ọn pátápátá. Ọ̀gá náà ní ilé láti bọ́, bí ẹnikẹ́ni ò bá sì dárúkọ owó, ọ̀sẹ̀ kejì ni ojú á ti máa le. Ẹ béèrè iye rẹ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́.

Ohun kan ṣì kù. Àwọn ará Bràsíl ń wá sí Àjàṣẹ́ wá wo ọdún Bonfim àti Bourian tí àwọn ilé Àgùdà ń gbé jáde ní oṣù kìíní. Àwọn náà ń wá ibi tí wọ́n máa sùn, yàrá sì ṣófo nínú àwọn ilé ńlá wọ̀nyẹn. Kí ló dé tí a ò fi ibùsùn ṣe pààrọ̀ ibùsùn? Kí tiwọn sùn sọ́dọ̀ wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí tiwa sùn sọ́dọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ilé Àgùdà méjì ti gbà bẹ́ẹ̀ fún wa. Ẹni tó bá ń lọ ní oṣù kẹjọ, kó wá rí wa kó tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.