Kí Ọmọ Tó Dé Ni Ká Ti Máa Náwó Fún Un

 

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ wá lọ́kàn. Nínú àwa tá a ti lé ní àádọ́ta ọdún, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà ti wà nínú àpò ọ̀pọ̀ wa. Bó bá ti mú ẹnì kan, àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é, àwọn mìíràn á ní àìsàn ìdílé wọn ni. A kì í bèèrè ohun tí ìyá rẹ̀ rí jẹ nígbà tó fi lóyún rẹ̀.

Ẹ wo Nàìjíríà wa níbí. Ogun Biafra bẹ̀rẹ̀ ní July 1967, ó parí ní January 1970. Ebi pa àwọn èèyàn lọ́hùn-ún, aboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́ ló sì jìyà ẹ̀ jù. Ní 2009, àwọn onímọ̀ yẹ àwọn èèyàn tó lé ní 1,300 wò ní Enugu, tí wọ́n ti tó bí ẹni ogójì ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ lára àwọn tí wọ́n bí lásìkò ebi yẹn ju àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun lọ. Ṣúgà ara wọn ga sí i, wọ́n sì tún sanra jù. Ẹ ò rí i pé ebi ti tán tipẹ́, ara ò gbàgbé!

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Netherlands nígbà òtútù 1944 sí 1945, nígbà tí àwọn ará Jámánì dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ wọn. Ní 2008, àwọn onímọ̀ fi hàn pé àmì tó wà lára jíìnì àwọn tí wọ́n lóyún wọn nígbà náà yàtọ̀ sí ti ọmọ ìyá wọn tí ebi ò bá, lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Epigenetics ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ yìí.

Àwa ọlọ́jà, ó yẹ kó tètè yé wa. Ọjà inú ṣọ́ọ̀bù ò yí padà, àmọ́ àmì tá a bá fi sára páálí ló ń sọ fún ọmọ ọjà pé kó kó tibí síta, kó fi tọ̀hún pa mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni jíìnì rí. Oúnjẹ àti ìyà tó bá ọmọ nínú oyún àti ní kékeré wà lára ohun tó ń fi àmì síbẹ̀.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni di ẹ̀bi ru ìyá ẹ̀ o. Ta ló fẹ́ kí ebi pa òun? A ò sì ní gbogbo ẹ̀jẹ̀ ríru ló tinú oyún wá. Iyọ̀, ọtí àti sìgá náà ń dá kún un. Ẹni tó ti dàgbà, kó lọ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, kó sì máa lo oògùn ẹ̀ déédéé.

Ṣùgbọ́n igi gańgan má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Nísinsìnyí tí oúnjẹ wọ́n gógó, àwọn ìyàwó kéékèèké wà láàárín wa tí wọ́n ń fi gàrí gbé oyún. Tí wọ́n bá bímọ tán, a ó háyà kánópì, a ó ra ankara, a ó náwó. Ta ni gbogbo ìyẹn ń bọ́?

Ohun tá a rò ni pé ká dá owó ìkómọ sí méjì. Ká fún aboyún ní ìdajì kan láti ìgbà tó bá ti forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù: ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀fọ́, ẹja. Àwa tí ọjà ẹja Kado wà lẹ́nu ọ̀nà wa, ojú ò ha tì wá kí aboyún wa máa wá ẹja tì? Ẹ̀yin ọkọ, tí ẹ bá ń pín ẹran, kí ti ẹni tó lóyún tóbi ju tiyín lọ.

Ìdajì tó kù tó ẹ jẹ ìrẹsì níbi ìkómọ. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín náà. Ire o.